Ẹni Kejì Tí Yóò Di Okùn Dúdú Mú

Ìwé pélébé kan wà tó sọ bí ajá púdù, ajá òyìnbó tí irun rẹ̀ ká, ṣe gbọ́dọ̀ rí, láti imú dé ìrù. Mo mọ̀ ọ́n sórí. Oṣù márùn-ún ni mo fi kà á, tí mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Tíṣà kan ló nà mí lórí ohun tí n kò ṣe. Mo ní n kò ní padà síbẹ̀ mọ́, n kò sì padà. Tíṣà náà ti kú báyìí. N kò tíì dárí jì í.

Onígbàjámọ̀ ni mí. Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù mi, inú yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ń sùn, èmi àti Dúdú, ajá mi. Púdù ńlá ni, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìwé ní àwọ̀ kan ṣoṣo ni irun púdù gbọ́dọ̀ ní. Ẹyọ irun funfun kan kò sí lára Dúdú. Ìwé ní kí etí gùn kó sì sùn mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí eyín òkè bo ti ìsàlẹ̀ díẹ̀ bí ẹnu àlùmọ́gàjí tó pa dé, kí ìrù ti òkè wá, kí ẹsẹ̀ máa ta fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ bó bá ń rìn. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé èjìká, kó má kọjá sẹ̀ǹtímítà ọgọ́ta. Méjìdínlọ́gọ́ta ni Dúdú. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń wẹ̀ ẹ́, tí mo máa ń fi òòyà ya irun rẹ̀ dé ìdí kí n tó gbé kílípà. Bí a bá yọ orí àwọn oníbàárà kúrò, ara rẹ̀ nìkan ni ọwọ́ mi ń kàn.

Ohun tí mo ń wá ni kí ẹgbẹ́ àwọn olájá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé wọn pé púdù gidi ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló fà á. Lọ́jọ́ tí mo gbé Dúdú lọ hàn án nílé rẹ̀, ó ṣì kéré bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ká, ẹ̀gbọ́n mi já ìwé pélébé náà gbà lọ́wọ́ mi lójú àwọn àlejò rẹ̀, ó ń kà á bíi tíṣà. Ó ní, "Ẹ wá wo ìran o! Ẹni tí kò parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló lọ ra ajá tó ní ìwé. Ajá yìí á kàwé ju ẹ lọ!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo gba ìwé mi, mo gbé ajá mi, mo jáde. Láti ìgbà náà, bí mo bá dé àdúgbò rẹ̀, òdìkejì títì ni mo máa ń gbà.

Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìdánwò tí ẹgbẹ́ fi ń mọ púdù gidi, mo lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, obìnrin kan tó máa ń gbé awò ojú rẹ̀ sí iwájú orí bí ẹni pé ibẹ̀ ni ojú wà.

"Ẹ̀yin àti ta lẹ̀ ń bọ̀ ní Sátidé?" ló bi mí.

"Èmi àti ajá mi."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fi ajá sílé, ọ̀gá. Ẹni kejì ńkọ́?"

Ó ṣàlàyé fún mi. Tí wọ́n bá ti wọ̀n ajá tán, ẹni tó ni ín á lọ sí ibi tí ajá kò ti ní rí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹlòmíràn tí ajá náà mọ̀ á sì di okùn rẹ̀ mú. Tó bá fara balẹ̀, ó yege. Tó bá gbọ̀n tàbí tó bá bínú, ó di ilé.

Mo ní, "Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwé sọ pé kó fọkàn balẹ̀, kó má bẹ̀rù, kó má bínú. Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀? Ṣé ká bi í ni?"

Lóòótọ́ ni ibẹ̀ wà nínú ìwé, ní ìparí. Mo ti sáré kọjá ibẹ̀, nítorí ìwà kò ṣe é fi téèpù wọ̀n.

Mo délé, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ènìyàn. Alápatà iwájú ilé wa fi eegun kún ẹran mi lẹ́ẹ̀kan. Ọdún kejì rèé, n kò kí i. Télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní rédíò mi ń pariwo. Mo pa rédíò, mo sì pa ìkíni mọ́ ọn. Nígbà tí mo kà wọ́n tán, ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló kù. Ọjọ́ méjì ni mo fi gbé ìbínú mi mì kí n tó lè dìde.

Nígbà tí a ku ilé mẹ́ta sí ti ẹ̀gbọ́n mi, Dúdú fà mí sọdá sí òdìkejì títì. N kò kọ́ ọ. Púdù kì í dúró de ẹ̀kọ́, ojú ẹni ló ń kà. Mo fi agbára fà á padà.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ rí wa. "Háà! Ṣé òjò fẹ́ rọ̀ ni? Bàbá, ẹ jáde wá wo ẹni tó sọnù!"

Ẹ̀gbọ́n mi wọ́ sálúbàtà jáde. Ó ti dàgbà. Irun rẹ̀ ti kún, ẹni tó gé e gbẹ̀yìn kò sì gé ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dọ́gba.

"Olóríkunkun," ó ní. "Ta ló kú?"

"Ẹnì kankan ò kú."

"Kí lo wá ṣe nígbà náà?"

Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó ń da omi nù. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́.

"Mú okùn wá jàre. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré? Ìyá wa fi ìwọ gan-an lé mi lọ́wọ́ fún ọdún mẹ́jọ, mi ò sì sọ ẹ́ nù."

Mo bọ́ sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, mo ń yọjú. Dúdú kẹ́yìn sí i. Ó kọjú sí ògiri, ìrù rẹ̀ wálẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, ó ń pè é. Dúdú wo búrẹ́dì náà bí mo ṣe máa ń wo ẹ̀gbọ́n mi ní títì, bí ẹni tí kò rí nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Àbúrò, ìwọ lo kọ́ ọ ní èyí."

"N kò kọ́ ọ ní nǹkan kan."

"Mo mọ ojú yìí. Tìẹ ni." Ó dá okùn padà fún mi. "Máa mú un wá lójoojúmọ́ títí di Sátidé. Á mọ̀ mí."

"Ẹ ṣé" lásán ni ó yẹ kí n sọ. Mo ti ń la ẹnu. Ó wá fi kún un pé, "Mú ìwé yẹn náà wá, kí ẹni tó kàwé bá ẹ ka ibi tó kù."

"Bàbá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!" ni ìyàwó rẹ̀ sọ.

Mo mọ̀ pé ó ń ṣeré. Síbẹ̀, mo mú ajá mi lọ, n kò sì padà síbẹ̀ títí Sátidé fi dé.

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn kan mú ìyàwó wá, àwọn kan mú aládùúgbò. Ọkùnrin kan mú ènìyàn mẹ́fà wá fún ajá kan. Adájọ́ náà, ìyá àgbà kan tó gé èékánná rẹ̀ mọ́lẹ̀, ti ìka bọ abẹ́ irun Dúdú, ó wá èjìká, ó wá ìhà, ó la ẹnu rẹ̀ wo eyín.

"Ta ló gé irun yìí?"

"Èmi ni, mà."

"Ọwọ́ yín dára o. Ajá yín náà dára. Ẹni kejì yín dà?"

Mo ní kò ráàyè. Akọ̀wé wò mí títí, ó sọ awò ojú rẹ̀ kalẹ̀, ó sì gba okùn náà fúnra rẹ̀, bí Dúdú kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo lọ sí ẹ̀yìn pátákó tí wọ́n fi dábùú igun gbọ̀ngàn.

Dúdú kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ èékánná rẹ̀ lórí ilẹ̀, lọ bọ̀, lọ bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn kan tí n kò gbọ́ rí, tó tín-ín-rín bí ìlẹ̀kùn tí àgbékọ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Ọdún mẹ́rin ni a ti jọ ń gbé, n kò mọ ẹkún rẹ̀, nítorí, yàtọ̀ sí ìṣẹ́jú díẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n mi, n kò fi í sílẹ̀ rí. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé pátákó náà, mo sì dúró títí wọ́n fi pè mí.

Adájọ́ náà rọra sọ̀rọ̀. "Kò sí àléébù lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ló ní láyé. Kò tíì yege. Ẹ mú un padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí ẹ̀yin àti ẹni kejì jọ wá."

"Mà, níbo ni wọ́n ti ń rí ẹni kejì?"

Ó rò pé mo ń dápàárá, ó rẹ́rìn-ín. Ó wá wo ojú mi, ó fọwọ́ kan orí Dúdú.

Ní ọjọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan wá gé irun. Ó ti pé ọdún kan tó ti ń wá, n kò sì bi í ní orúkọ rí. Mo gbọn irun kúrò ní èjìká rẹ̀, ó dìde.

"Ṣé ẹ̀ ń kánjú?" ni mo bi í.

"Rárá. Kí ló dé?"

Mo tú okùn Dúdú kúrò lára ẹsẹ̀ àga. "Ẹ bá mi di èyí mú. Mo fẹ́ bọ́ síta díẹ̀."

"Ṣé kì í gé èèyàn jẹ?"

"Rárá. Ẹkún ló máa ń sun."

"Níbo lẹ̀ ń lọ ná?"

"N kò lọ ibì kankan."

Mo jáde, mo pa ìlẹ̀kùn dé, mo dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ara mi bí ẹni tí wọ́n lé síta. Mo ń ka ìṣẹ́jú àáyá, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo fẹ́ kà pé. Mo ka dé ogún kí Dúdú tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo gbọ́ tí nọ́ọ̀sì náà ń bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo kó ọwọ́ sí àpò kí n má baà ṣílẹ̀kùn, mo sì ń kà á lọ.