Sídì Tí Wọ́n Fi Ń Lé Àṣá

Nígbà tí oòrùn tún bọ́ sí ara àwọn sídì náà, wọ́n kọ mànà sí Sìkírátù lójú, ó sì fi ọwọ́ ṣíji bo iwájú. Sídì mẹ́ta ni wọ́n so mọ́ okùn lókè àgò adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé Jàfárù ní Ìdímù. Wọ́n ń yí bírí nínú atẹ́gùn, àwọn òròmọdìẹ sì ń ṣa ọkà kiri nísàlẹ̀ wọn láìfòyà. Gbogbo àdúgbò ló mọ ọgbọ́n yìí, pé àṣá kì í fẹ́ sún mọ́ ohun tó bá ń kọ mànà. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀, àfi pé nígbà tí ọ̀kan yí ẹ̀yìn padà, Sìkírátù rí ìkọ̀wé pupa lára rẹ̀, ó sì mọ ọwọ́ tó kọ ọ́.

Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá, ìkọ̀wé rẹ̀ sì wà lókè àgò adìẹ, ó ń ṣọ́ òròmọdìẹ.

Ohun tó wá tọrọ gan-an nìyẹn. Láti àárọ̀ ni òun àti Hamdalah, ọmọ rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà, ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ń dúró kí Jàfárù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, jẹun tán. Ó ti to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sẹ́nu láti ilé. Ó ti rò ó pé ọkùnrin náà lè ní òun ti sọ sídì wọ̀nyí nù, ó lè ní òun ò mọ̀ wọ́n rí. Kò rò ó rárá pé òun á bá wọn ní gbangba.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Abdulganiyy, tí gbogbo ayé ń pè ní Gàníyù, ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà ayé rẹ̀. Ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé, ó ń bá àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tẹ ìwé ìpè, ó sì ń kọ fídíò ìsọmọlórúkọ sórí sídì fún ẹni tó bá fẹ́. Lọ́dún kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kú lójijì, iṣẹ́ àwọn oníbàárà sì bá a lọ. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń bà á. Bí Ramadan bá ti dé, lẹ́yìn ìṣínu, á kó gbogbo ohun tó jẹ́ ti ilé rẹ̀, fọ́tò, fídíò, ohùn Hamdalah nígbà tó kọ́kọ́ pe bàbá, á kọ wọ́n sórí sídì méjì. Ọ̀kan á wà nílé, èkejì á jáde. Ó máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ohun tí èèyàn bá fi pamọ́ sí ojú kan ṣoṣo, kò tíì fi pamọ́. Iná lè jó ilé, olè sì lè wọlé.

Nígbà tó kọ́kọ́ ń wá ibi tí èkejì máa gbé, Sìkírátù ní kí ó gbé e fún Tòún, aránṣọ tí ilé rẹ̀ kangun sí tiwọn ní Igando. Gàníyù rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé èèyàn á ní ẹ̀gbọ́n ọmọ ìyá ẹ̀ láyé, á wá lọ gbé ìṣúra ilé ẹ̀ fún aládùúgbò? Kò ní í dáa létí. Báyìí ni sídì kejì ṣe ń lọ sí Ìdímù lọ́dọọdún, Jàfárù á sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, á ní àmánà ni, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ òun. Bí ikú ilé ò bá pani, t'òde ò lè pani. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ẹ̀ nígbà tó bá ń wo ojú ẹ̀gbọ́n ẹ̀?

Lórí gbogbo sídì wọ̀nyí ni Gàníyù ti máa ń kọ fídíò yìgì wọn sí. Fídíò náà kò gùn. Pálọ̀ ìyá àgbà tó tọ́ Sìkírátù ni, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, láìsí ìlù, láìsí àpèjẹ, nítorí pé ọwọ́ ò tó. Ọkọ ìyàwó fúnra rẹ̀ ló gbé kámẹ́rà lé orí tẹlifíṣọ̀n, tó sì sáré padà lọ jókòó. Jàfárù ni olórí ẹbí ọkọ. Òun ló gbé Kùránì tuntun tí wọ́n fi ṣe sàdáàkì, owó-orí ìyàwó, lé alfa lọ́wọ́, tó wá wo Sìkírátù, tó ní, "A gbà á. Láti òní lọ, ìyàwó wa ni." Kò pè é lórúkọ mọ́ láti ọjọ́ náà. Bí ó bá wọlé wọn ní Igando, láti ẹnu ọ̀nà ni yóò ti máa ké pé ìyàwó wa dà.

Ọkọ̀ akólẹ̀ kan tó ń sáré lọ sí ààtàn ló kọ lu Gàníyù lójú ọ̀nà Ìkòtún sí Igando. Ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú, Sìkírátù wà lórí ẹní opó nígbà tí Jàfárù àti àwọn ìbátan gbé bọ́ọ̀sì dé. Wọ́n ní kí olè má baà gbọ́ pé ilé ò lọ́kùnrin mọ́. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé báàgì sídì tó wà lábẹ́ tábìlì. Obìnrin tó ń ṣe opó kì í sáré tẹ̀lé ẹrù. Kí ó tó parí opó, wọ́n ti ta kọ̀ǹpútà, báàgì sì ti bá a lọ. Jàfárù kò sì pè é ní ìyàwó wa mọ́. Ìyá Hamdalah ló kù tó ń pè é.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló ní kí ó kó kúrò ní ilé Igando, ilé yàrá méjì tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ ru búlọ́ọ̀kù kọ́. Ó ní kò sí yìgì láàárín wọn. Ó ní ọmọ ló kàn bí fún àbúrò òun, kò sì sí ẹni tó ń lé ọmọ.

Sìkírátù gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Adájọ́ ní kí ó mú ẹni tí yìgì ṣojú ẹ̀ wá. Alfa ti kú, ìyá àgbà ti kú, àwọn tó kù jẹ́ èèyàn Jàfárù, wọ́n sì láwọn ò rántí. Adájọ́ bi í bóyá fọ́tò tàbí fídíò kankan wà. Gàníyù kì í tẹ fọ́tò sórí bébà. Ó ní bébà ń ṣá, orí sídì layé ń lọ. Ìdí nìyí tí opó rẹ̀ fi wà lórí bẹ́ǹṣì ní Ìdímù lónìí, tó ń wo okùn adìẹ bí ẹni ń wo òṣùpá ààwẹ̀.

Jàfárù jáde, ó ń ta eyín. Sìkírátù kúnlẹ̀. Kò sọ kóòtù, kò sọ yìgì. Ó ní Hamdalah ti fẹ́ máa gbàgbé ohùn bàbá rẹ̀, òun fẹ́ kó gbọ́ ọ díẹ̀ lórí sídì tí Gàníyù máa ń kó wá. Irọ́ kọ́ pátápátá. Jàfárù wò ó títí, ó sì wo òkè.

"Ìyẹn náà lo jókòó dè láti àárọ̀?" ló wí. "Ṣebí òun ló wà lókè yẹn. Ìyá Rídwàn, ẹ bá mi tú u sílẹ̀ fún un jàre."

Ó wá pe Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé, ayálégbé rẹ̀ tó ń fọ aṣọ lẹ́bàá kànga, ó bẹ̀ ẹ́ kí ó dá ọwọ́ dúró kí ó fi ojú rí i. "Àmánà àbúrò mi rè é," ni ó sọ. "Mo dá a padà lónìí, ó pé. Ọlọ́hun ò fẹ́ ká jẹ àmánà." Ṣóbọ̀wálé nu ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó ní òun rí i, Jàfárù sì wọlé lọ.

Ìyá Rídwàn, ìyàwó Jàfárù, gun àpótí, ó ń tú okùn. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ti ń ya Sìkírátù lẹ́nu pé kò lè wo òun. Nígbà tó kó sídì lé e lọ́wọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọjọ́ tí a ti ibi àdúà ogójì dé ni bàálé mi kó o fún mi. Mo ní, ṣé kì í ṣe ti Gàníyù nìyí? Wọ́n ní kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́, kí n fi lé àṣá." Ó wo ẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní èmi ni mo sọ ọ́ o."

Ọjọ́ ogójì. Òun ṣì wà lórí ẹní opó nígbà náà, ọkùnrin yìí sì ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìgì ń bọ̀. Sìkírátù fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n ta ni yóò kígbe sí? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Rídwàn. Lójú ọ̀nà, Hamdalah gba ọ̀kan nínú àwọn sídì náà, ó gbé e sójú. Fàdákà ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí kúrò lápá kan, ọmọ náà sì ń ti inú rẹ̀ wo kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá.

"Màmá, mò ń rí òdìkejì," ló wí, inú rẹ̀ ń dùn.

Adéolú, tí òun àti Gàníyù jọ pín ṣọ́ọ̀bù lò ní Ẹ̀gbẹ́dá, fi omi àti aṣọ fẹ́lẹ́ nu sídì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fi àkọ́kọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà kùn, ó tún kùn, ó wá kọ ọ́ sójú pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi sídì sí i. Adéolú yọ ọ́, ó tún fi í sí i, ẹ̀rọ tún ní kí wọ́n fi sídì sí i. Pẹ̀lú èkejì, bákan náà. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn kan àti òjò odindi kan ti jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀kẹta pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó gbé orúkọ fídíò náà jáde, Yìgì Wa, ṣùgbọ́n kò ṣí. Fọ́tò kan ṣoṣo ló ṣí, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójú ẹ̀rọ: àjà pálọ̀ ìyá àgbà, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé, orí fìlà méjì. Sìkírátù di etí tábìlì mú. Ibẹ̀ ló dúró sí. Gbogbo ìsàlẹ̀ di àwọ̀ eérú, kò sí iwájú orí, kò sí ojú. Wọ́n jókòó dè é títí tí àwọn tó fẹ́ ṣe ẹ̀dà ìwé fi ń kùn lẹ́yìn.

"Ṣé Dádì ló dé fìlà yẹn?" Hamdalah bèèrè.

"Òun ni," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. Kò sọ pé òun ò mọ èwo nínú méjèèjì.

Adéolú ní òun á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tún ní òun mọ ẹnì kan tó ń gba nǹkan là lórí sídì, ó pè é, ẹni náà ní bí oòrùn bá ti jẹ ẹ́, kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe. Adéolú yí ojú sí ògiri. Ó ní òun ti sọ fún Gàníyù kí ó má ra sídì olówó pọ́ọ́kú yẹn, àmọ́ kò parí ọ̀rọ̀ náà, nítorí òun náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò sí lọ́wọ́ sídì.

Ní ọjọ́ ìdájọ́, Adájọ́ gba fọ́tò fìlà méjì, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó bi Jàfárù bóyá fìlà rẹ̀ wà níbẹ̀. Jàfárù ní fìlà bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílùú Èkó, àwọn kan lára àwọn tó jókòó sì rẹ́rìn-ín. Sìkírátù na sídì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú, ó ní lókè àgò adìẹ ni òun ti gbà wọ́n, ó ní wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sínú oòrùn ni. Wọ́n bi í pé ta ló sọ fún un. Ó rántí ojú Ìyá Rídwàn, tó jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, tó ń wo ilẹ̀, tí kò sì ní ilé mìíràn tí yóò padà sí. Ó kó sídì rẹ̀ padà sínú báàgì láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Jàfárù wá bẹ̀bẹ̀ pé òun ní ìbéèrè kan péré, nítorí orúkọ òun. Adájọ́ gbà fún un. Ó yí sí Sìkírátù pẹ̀lẹ́, bí ẹni fẹ́ kí i.

"Ìyá Hamdalah, o ti fi Kùránì búra. Ohun tí àbúrò mi fún mi pamọ́, ṣé mo dá a padà fún ọ, àbí mi ò dá a padà?"

"Ẹ dá a padà."

"Ṣé ó kù sí mi lọ́wọ́?"

Ó wo Adájọ́. Adájọ́ ń dúró, ó ti gbé kálàmù.

"Kò kù."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Adájọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò lè gbé yìgì dúró, ó ní kí ilé wà fún ẹbí olóògbé, kí Sìkírátù kó jáde kí oṣù tó parí, kí ẹbí sì fi ojú àánú wo ọmọ. Wọ́n pe ẹjọ́ mìíràn.

Lójú àtẹ̀gùn kóòtù, Jàfárù dá wọn dúró. Inú kò bí i. Ó fọwọ́ pa Hamdalah lórí, ó bi í bóyá ó ti jẹun. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bíi ti àtijọ́.

"Ìyàwó wa," ni ó wí, "bí sídì yẹn ò bá wúlò fún ọ mọ́, jẹ́ kí n mú un lọ fún Ìyá Rídwàn. Àṣá ti gbé òròmọdìẹ méjì láti ọjọ́ tí o ti kó o lọ."

Sìkírátù wo ẹ̀yìn. Akọ̀wé kóòtù ń ti ilẹ̀kùn, Ṣóbọ̀wálé, tí Jàfárù mú wá ṣe ẹlẹ́rìí, ti kọjá sí títì, kò sí ẹni tó gbọ́ orúkọ tí ọkùnrin náà pè é. Ó ṣí báàgì rẹ̀. Nígbà tí ó fi ọwọ́ méjèèjì na sídì náà sí i, ó rí i pé òun ti kúnlẹ̀, bí ìyàwó ilé ṣe ń kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ, àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ sì ń yà á sílẹ̀ kọjá.