Gíà Pijó Mùbàṣírù

Mùbàṣírù ń tú nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn lára gíà Pijó àtijọ́ rẹ̀ nígbà tí Titus sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Àgọ́-Ìwòyè ni Titus ti ń tún gíà ṣe. Kò níṣẹ́ mìíràn.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ. Kò ní pẹ́ rárá.”

“Èmi ni mo ń tú u látọjọ́ yìí.”

“Ojú yín ti àtijọ́ kọ́ lẹ fi ń ríran báyìí.”

Asimawu, ìyàwó Mùbàṣírù, rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn tí wọ́n tẹ́ fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àìsàn ti sọ ọ́ di egungun. “Titus, fi wọ́n sílẹ̀. Orí Bàbá Luqman le ju irin tí wọ́n ń tú lọ.”

Makun-Omi ni wọ́n ti bí Asimawu. Ó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ fi Pijó náà gbé òun débẹ̀, kí òun tún fojú kan Raheemah, ẹ̀gbọ́n òun. Pijó yìí ló gbé e wá sí Ojowo níyàwó. Kò fẹ́ ọkọ̀ mìíràn.

Titus lọ. Mùbàṣírù to irin gíà náà sórí ẹní bó ṣe ń yọ wọ́n. Bí wọ́n ṣe tò ló fi ń mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ padà wọlé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó lọ kírun. Ara Asimawu yá díẹ̀. Ó wọ́ dé ìdí ẹní, ó kó gbogbo irin náà sínú bàsíà, ó fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n.

“Mo ti bá yín fọ̀ ọ́,” ó ní nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé. “Ẹ tètè dé e, ká máa lọ.”

Mùbàṣírù wo bàsíà. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀.

“O ṣeun. Ó mọ́.”

Bó bá ránṣẹ́ pe Titus, Asimawu á mọ̀ pé òun ló ba iṣẹ́ jẹ́. Kò ránṣẹ́. Ó ń tò ó, ó ń tú u.

“Ṣé ó ti wọlé?” ni Asimawu máa ń bi í láràárọ̀.

“Ó kù díẹ̀.”

Asimawu dákẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n sin ín sí Ojowo kí wọ́n tó kírun Àsárì. Wọ́n ti bo ilẹ̀ kí Raheemah tó dé.

“Kí ló dé tí ẹ ò gbé e wá bá mi?”

Mùbàṣírù kó irin gíà náà jọ. Ó ránṣẹ́ pe Titus. Titus kó irin náà lọ, ó dé e, ó dá a padà. Gíà wọlé wẹ́rẹ́. Mùbàṣírù fi Pijó náà gbé Raheemah padà sí Makun-Omi.

Nígbà tó délé, ìró méjì tí Asimawu ti ká sílẹ̀ fún ìrìnàjò wà lórí àga.