Òbúkọ Inú Bọ́kẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan lọ́dún 1990 ni òórùn òbúkọ wọ ilé mi ní Igbó-Elérin. Ọjọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn àna mi ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn wá tọrọ Modúpẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo. Ẹ wá sọ fún mi, ta ni yóò fẹ́ ìyàwó nínú ilé tó ń rùn bẹ́ẹ̀?

Èmi kì í sì ṣe onílé tí ń gba ìwàkíwà. Òfin mẹ́ta ni mo fi ọ̀dà pupa kọ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀: a kì í jà nílé yìí, a kì í da ìdọ̀tí sí gọ́tà, ayálégbé kò gbọdọ̀ sin ẹran. Pẹ́pẹ́yẹ onílé kì í ṣe ẹran, kí ẹnikẹ́ni má bi mí.

Ẹ̀rù àwọn àna yìí ń bà mí. Gàníyù, ọkọ ìyàwó, ń tún rédíò ṣe ní Ọjà Àlàbá, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó ní bàbá òun ń ṣòwò, mi ò bi í pé òwò kí ni. Ṣùgbọ́n ó sọ fún wa pé ẹ̀gbọ́n bàbá òun obìnrin, Ìyá Àgbà, ti dìde nílé ìyàwó méjì rí láì fẹnu kan omi. Mo ní kí ló dé. Ó wolẹ̀, ó yí ọ̀rọ̀ sí ti rédíò. Láti ọjọ́ náà ni Modúpẹ́ kò ti jẹun kánú mọ́, torí ó fẹ́ràn ọmọ náà dénú. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bàjẹ́, mi ò mọ bí mo ṣe máa pẹ̀tù sí i lọ́kàn.

Mo pe Sájẹ́ǹtì Májẹ́kódùnmí, ayálégbé mi tó ń ṣiṣẹ́ ní bárékè Ọ̀jọ́. Ó mú okùn jáde, ó fàyà fà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì gbogbo ayálégbé bí ẹni tó ń wá ọ̀tá. A rí bàtà ẹsẹ̀ kan. A rí ìkòkò mi tó sọnù lọ́dún tó kọjá. A ò rí òbúkọ.

"Ó ti sá lọ, Mà," ni Sájẹ́ǹtì wí.

"Ó sá lọ, ó wá fi òórùn sílẹ̀?"

Imú mi ló fà wá dé yàrá Tíṣà Bánkọ́lé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì ní ilé ìwé kan lọ́nà Okokomaiko. Bọ́kẹ́ẹ̀tì búlúù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Tíṣà ṣí ìdérí, mo rí omi nínú rẹ̀, òórùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú.

"Tíṣà, níbo lo fi òbúkọ sí?"

"Mà, kò sí òbúkọ. Ásíìdì tí mo yọ nínú òróró àgbọn ni. Irú rẹ̀ náà ló wà lára òbúkọ."

"Kí ló wá ń ṣe nínú omi?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa lo omi, Mà."

Òótọ́ ló sọ, inú sì bí mi pé òótọ́ ni. Tíṣà yìí máa ń ṣe òórùn èso tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ àti áísìkiriìmù. Nígbà kan, omi òyìnbó tó ń gbiná bíi pẹtiróòlù ló ń fi ṣe é. Ó da àlòkù rẹ̀ sí gọ́tà, pẹ́pẹ́yẹ mi mẹ́rin mu ún, wọ́n kú. Mo pariwo lọ́jọ́ náà dé Ìyànà Ìbà. Mo ní ohunkóhun tó bá ń gbiná kò gbọdọ̀ wọ ilé mi mọ́. Mo ní omi ni kó máa lò, ṣebí omi ni gbogbo ayé ń lò! Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń mú omi jáde, ìgbà tí omi bá kúrò ló tó ń dára, ẹni tó bá ṣe é nínú omi dà bí ẹni tó ń sá aṣọ sínú odò. Mo ní, "Lọ sá a síbẹ̀."

Ó ti lọ sá a síbẹ̀ nìyẹn. Ó fi ìgò kan hàn mí, ohun dúdú kan tó ki bí oyin wà nínú rẹ̀. Ó ní ásíìdì ọṣẹ ni, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń po ọṣẹ ìfọṣọ lòun ti rà á.

"Mà, ásíìdì olóòórùn yìí ò fẹ́ràn omi. Ọtí tí mo dà sí i, tí kì í ṣe èyí tí à ń mu, náà ò fẹ́ràn omi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọṣẹ mọ omi, ó mọ òróró. Ó máa kó àwọn méjèèjì sínú yàrá kékeré kan láàárín omi. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti rí ara wọn, wọ́n á di ọ̀kan. Omi tí wọ́n bá sì mú jáde, ìta ló ń bọ́ sí, kò sáyè fún un nínú yàrá."

"Alárinà ni ọṣẹ yìí nígbà náà."

"Alárinà gan-an ni, Mà."

"Bí wọ́n bá wá fẹ́ra tán ńkọ́?"

"Wọ́n á máa ta sánsán bí ọ̀pẹ̀ òyìnbó."

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín títí okùn fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní bí imú mi bá gbọ́ òbúkọ láàárọ̀ Sátidé, Tíṣà, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti alárinà, títì Badagry ni gbogbo wọn máa sùn.

Tíṣà ní oòrùn ọjọ́ méjì ló kù. A gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sí àgbàlá, mo gbé àga tì í, mo sì ń fi orógùn rò ó bí ẹni ro ọbẹ̀. Nírọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè, òbúkọ ni. Láàárọ̀ Fúráídeè, òbúkọ tó jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni. Nírọ̀lẹ́, ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí òbúkọ sùn tì ni. Láàárọ̀ Sátidé, Tíṣà ré òróró tó léfòó kúrò, ó fi omi eérú fọ̀ ọ́ kí èyí tó kù nínú òbúkọ lè lọ, ó gbé e sí mi nímú. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó pọ́nbélé! Mo jó. Mo dì mọ́ Tíṣà tí mo fẹ́ lé jáde.

Mo wá wọ́n ọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wọ́n ọn sára kọ́tìnnì, mo wọ́n ọn sára Sájẹ́ǹtì. Tíṣà ní ó ti tó. Mi ò gbọ́. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Mo mọ òwe náà, ọmọ ẹlòmíràn ni mo máa ń pa á fún.

Àwọn àna dé. Ìyá Àgbà ló ṣáájú pẹ̀lú ọ̀pá, Bàbá Bùràímọ̀, bàbá Gàníyù, tẹ̀ lé e, Gàníyù fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá Àgbà gbẹ́sẹ̀ kan wọlé, ó fa imú lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Bùràímọ̀, ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi."

"Wọ́n ti gbọ́ nípa wa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà, kí la ṣe?" ni mo wí.

Ó kọjú sí mi. "Òbúkọ ni Bùràímọ̀ ń tà. Òbúkọ ni bàbá tó bí wa tà. Nílé àkọ́kọ́, wọ́n sun tùràrí dè wá. Nílé kejì, ìyá ìyàwó fi gèlè bo imú. Ẹ̀yin wá fi lọ́fínńdà wẹ odindi ilé nítorí wa. A dúpẹ́."

Gàníyù ò lè gbójú sókè. Modúpẹ́ bú sẹ́kún lẹ́yìn kọ́tìnnì. Ojú tì mí, àánú wọn sì ṣe mí, torí mo mọ̀ pé èmi náà ì bá bo imú.

Ni mo bá figbe ta: "Òbúkọ ni! Òbúkọ ni ọ̀pẹ̀ òyìnbó yìí!"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Mo ní kí Tíṣà gbé ìgò tí ìyókù ásíìdì olóòórùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀ wá. Bàbá Bùràímọ̀ gbọ́ òórùn rẹ̀, ó dijú.

"Òbúkọ funfun," ló wí. "Ọmọ ọdún méjì. Wọn ò wẹ̀ ẹ́ rí."

"Bàbá, kò sí òbúkọ kankan níbẹ̀," ni Tíṣà wí. "Inú òróró àgbọn ni..."

"Ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo ti ń tà á. Má kọ́ mi."

Tíṣà gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ alárinà. Èmi sọ bí a ṣe wá òbúkọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Sájẹ́ǹtì sì lọ mú okùn wá ṣe ẹ̀rí. Ìyá Àgbà gbọ́ òórùn ìgò, ó gbọ́ ti òróró, ó tún gbọ́ ti ìgò.

"Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta ṣọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kí àwa má baà gbóòórùn òbúkọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ìyá Modúpẹ́, ká ní a wọlé tá a gbọ́ òórùn òbúkọ ni, à bá ti bọ́ bàtà, ká jókòó!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kì í sì ṣe ẹ̀rín nìkan ló fa omi náà. Èmi náà sunkún. Ó bọ́ bàtà, ó jókòó.

"Ẹ fún mi lómi mu," ló wí.

A ti ṣe ìgbéyàwó báyìí. Bí ìyàwó bá mojú ọkọ, alárinà a yẹ̀bá. Ti Tíṣà ò yẹ̀bá jìnnà, inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ló wà tó ń so tọkọtaya mìíràn pọ̀. Omi kan náà ló ń tún lò, kò da nǹkan kan sí gọ́tà mọ́, mo sì ti ra pẹ́pẹ́yẹ tuntun. Bí ó bá ń fọ́nnu, mo máa ń rán an létí ẹni tó ní kó lo omi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó náà, Bàbá Bùràímọ̀ fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí mi: òbúkọ funfun, ọmọ ọdún méjì, tí wọn ò wẹ̀ rí. Okùn Sájẹ́ǹtì ríṣẹ́ ṣe nígbẹ̀yìn. Àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í di imú kọjá ní àgbàlá, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ka sí òfin kẹta. Mo gbé ọ̀dà pupa, mo pa á rẹ́, mo sì kọ òmíràn síbẹ̀: a kì í bo imú nílé yìí.