Àpótí Àwọn Tí Wọn Ò Pè

"Ẹ bá mi wá èsì àyẹ̀wò mi lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀gá mi. Bóyá ìwé mìíràn ló bò ó mọ́lẹ̀."

Akọ̀wé fáìlì kò gbé orí sókè. "Màmá aránṣọ, ìgbà kẹta yín rèé lóṣù yìí. Mo ti ṣí fáìlì yín, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí a kò bá pè yín, àlàáfíà lẹ wà. Àbí àìsàn lẹ fẹ́ fi tipátipá gbà lọ́wọ́ wa ni?"

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Aránṣọ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ kì í fajú ro.

Ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn ni wọ́n yẹ ọrùn ilé-ọmọ rẹ̀ wò nílé ìwòsàn yìí. Wọ́n ní àwọn á pè é bí nǹkan bá wà. Ó gbé fóònù sórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń retí. Nígbà tí oṣù mẹ́ta kọjá tí kò dún, ó fi ayọ̀ rán búláòsì kan fún ara rẹ̀, aláwọ̀ ojú sánmà òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù méjì báyìí, ó ń rí ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe ti nǹkan oṣù.

Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀ gbọ́ ohùn rẹ̀, ó yọjú. "Níbo lẹ máa ń kó èsì sí?" ó bi akọ̀wé.

"Èyí tó dáa, inú fáìlì. Èyí tí kò dáa, inú àpótí abẹ́ tábìlì, kí dókítà kọ́kọ́ buwọ́ lù ú ká tó pe ẹni tó ni ín. Bá a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

"Fáìlì wọn ṣófo, èsì tó dáa kò sí níbẹ̀, ẹ sì ní àlàáfíà ni wọ́n wà? Dókítà wo ló ń buwọ́ lù ú?"

Akọ̀wé họ orí. "Èyí tí wọ́n gbé lọ síbòmíràn ní ọdún tó kọjá."

"Ta ló rọ́pò rẹ̀?"

"Wọn ò tíì sọ fún wa."

Àpótí náà há. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fà á jáde, ìwé tú sílẹ̀ bí aṣọ tí ìdì rẹ̀ já. Èkeje ni ti aránṣọ.

"Kí ló sọ, àbúrò mi?"

"Ó ní ara ibẹ̀ ti ń yí padà nígbà náà, ṣùgbọ́n kò tíì di jẹjẹrẹ." Ohùn nọ́ọ̀sì rẹlẹ̀. "Ìtọ́jú òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ìbá jẹ́ nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ò bá ti padà sídìí ẹ̀rọ yín."

Ó mú un wọ yàrá, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí wọ́n jáde, ó ń kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó fa ìlà méjì sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: jẹjẹrẹ.

Akọ̀wé ti ìwé ńlá kan síwájú aránṣọ. "Màmá, ẹ buwọ́ lùwé pé ẹ ti gba èsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá sí i, kí ìwé wa lè bára mu. Àwọn ọ̀gá ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò."

Ogún ọdún ni obìnrin yìí ti ń fi abẹ́rẹ́ gún ìwé ọjọ́ ìgbàṣọ mọ́ aṣọ oníbàárà, kò sì yẹ̀ ẹ́ rí. Ó mú bíírò.

"Òní jẹ́ ọjọ́ mélòó nínú oṣù?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún un, ó sì kọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi tó fi hàn lójú ìwé kejì.

"Màmá, ẹ ti ba ìwé jẹ́!"

Obìnrin kan dìde lórí bẹ́ǹṣì, ẹni tí ẹ̀rín rẹ̀ ròkè jù lẹ́ẹ̀kan.

"Ọ̀gá," ó ní, "wọn ò pe èmi náà o."