Ẹni Tó Jókòó Lórí Àpáta

Afẹ́fẹ́ fẹ́ já fìlà náà gbà, ni Akínyẹlé bá fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìkòkò tó fi ṣe orí ọmọlangidi rẹ̀. "Jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀gá òǹkọ̀wé," ó sọ fún ọmọlangidi náà, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti rọ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sínú ṣòkòtò ara rẹ̀ àti ṣẹ́ẹ̀tì pupa tí gbogbo àdúgbò mọ̀ mọ́ ọn. Ó dè é mọ́ àga oníke, ó gbé pátákó lé e nítan, ó so báírò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá wòkè láti ìsàlẹ̀, á búra pé Akínyẹlé ló ń kọ̀wé yẹn.

Láti ìgbà ọyẹ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń parí, orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé yìí ni ọ́fíìsì rẹ̀. Ooru Ìkẹ́rẹ́ lóṣù Erénà, ta ló fẹ́ gbà á nínú ilé? Ooru tó lè se ẹyin mọ́ adìyẹ nínú! Tójò bá wá dé, tí páànù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹni pé gbogbo ewúrẹ́ Èkìtì ló ń jó lórí ẹ̀, á kó bébà rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ Pijó bàbá rẹ̀ tí kò ní táyà mọ́, lábẹ́ tapólì lẹ́yìn ilé ìdáná. Àpáta fún oòrùn, Pijó fún òjò. Gbogbo ilé mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń kọ àwọn ìtàn tí rédíò kan ní Adó ń kà lọ́jọ́ Sátidé.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Bàbá Fámúyìwá, àgbẹ̀ tí ilé rẹ̀ fara kan tiwọn, wo ojú ọ̀run.

"Akínyẹlé, má gòkè lónìí o. Òjò àkọ́rọ̀ ń bọ̀, kò sì ní í wá ní ẹ̀rọ̀."

"Bàbá, òjò tó máa lé mi lórí àpáta, wọn ò tíì bí ìyá ẹ̀!"

Bàbá mi orí. "Ẹni eji bá rí leji ń pa."

Ọmọ́wùmí ìyàwó Akínyẹlé ń bó iṣu nítòsí. Ó kàn wo ọkọ rẹ̀.

Ká sọ òótọ́, bí àrá bá sán ní Òmùò lọ́hùn-ún, abẹ́ ibùsùn ni Akínyẹlé máa ń wà ní Ìkẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti fọ́nnu tán. Ìdí tó fi gbé ẹni aṣọ jókòó nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ gba ẹ̀yìn àpáta sọ̀kalẹ̀, ó yọ́ wọ inú Pijó, ó fa tapólì bo ara rẹ̀. Ó mú ìtàn rẹ̀ jáde, ti ọdẹ kan tó gbá mànàmáná létí tí mànàmáná fi sunkún.

Òjò dé. Ilẹ̀ ṣú lọ́sàn-án gangan, òkè Olóṣùnta pàápàá rì sínú ìkúukùu. Àrá kọ́kọ́ sán, ni Akínyẹlé bá di etí, ó tún ń rẹ́rìn-ín lábẹ́nú. Ó ń retí ohùn àwọn tó máa yìn ín.

Ohùn kan dé lóòótọ́. Ti Màmá Deborah ni, ìyàwó Bàbá Fámúyìwá, tó kọjú sí àpáta, tó ń pe èèyàn wọlé: "Yéè! Bọ̀ sí ulé o! Bọ̀ sí ulé!"

Akínyẹlé yọ orí jáde. Màmá rí i, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ta ló wá jókòó lókè?"

"Aṣọ ni, Màmá. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni."

"Ìyàwó ẹ ti lọ mú un sọ̀kalẹ̀!"

Ẹ̀rín gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó pe fóònù Ọmọ́wùmí. Inú ilé ìdáná ni fóònù ti ń dún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu.

Ó sáré. Àpáta tó mọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti di odò tó ń ṣàn wálẹ̀. Ó ń yọ̀, ó ń fi orúnkún rá, ìtọ̀ gbóná lára ẹsẹ̀ rẹ̀ kí òjò tó fọ̀ ọ́ nù. Mànàmáná kọ. Ó rí àga. Ó rí ẹni aṣọ. Kóòtù òjò Ọmọ́wùmí ló wà lára rẹ̀, wọ́n fà á bò ó dé ọrùn, apá ọ̀tún rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́.

Kò rí ẹlòmíràn.

Òkùnkùn tún padà. Òun tó lè fi ojú ewé mẹ́wàá kọ ikú ẹfọn kan ṣoṣo, kò rí ọ̀rọ̀ kan mú.

"Ọkọ mi?" Ohùn náà wá láti abẹ́ etí àpáta. "Ìwọ nìyẹn, àbí ewé?"

Ó yí gbirigbiri lọ bá a. Ọmọ́wùmí di ọrùn ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó rọ́ mú. Ó rẹ bí ẹ̀kúrú inú omi, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Apá ṣẹ́ẹ̀tì pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo fi kóòtù bò ọ́ kí n tó wo ojú ẹ. Mo fà ọ́ lọ́wọ́, ọwọ́ yẹn sì yọ. Mo ní àrá ti pa ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ṣubú sí."

Kò bú u. Ì bá sàn kó bú u.

Akínyẹlé pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀. Inú Pijó ló sún mọ́ wọn jù. Wọ́n jókòó síwájú, tapólì ń mì lórí wọn. Ọdẹ agbánilétí ṣì wà lórí bébà níbi tó fi í sí. Akínyẹlé mú báírò, ó fi fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí ìtàn náà. Ó kọ gbólóhùn kan sísàlẹ̀.

"Kí lo kọ?"

"'Òjò rọ̀ lónìí.'"

Ọmọ́wùmí retí ìyókù. Ó mọ ọkọ rẹ̀. Ìyókù máa ń wà.

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Àrá tún sán. Akínyẹlé kò di etí. Ọmọ́wùmí ló mú apá ọ̀tún ọkọ rẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀díẹ̀, láti èjìká títí dé ìka ọwọ́.