Orúkọ Ọkọ Mi Níwájú Fèrèsé Gíláàsì

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà ní òun ò gbọ́. Kí ẹni tó ní ọmọ ọwọ́ fún un lọ́mú. Orin wà nínú èyí tí mo fẹ́ sọ, ẹ̀rù náà wà nínú rẹ̀.

Mo dúró nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n fi gíláàsì kọ́ láti ilẹ̀ dé òrùlé, ní ìlú òtútù tí ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi wà ní òdìkejì gíláàsì, ó wọ kóòtù, ó di àpótí mi mú. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé gíláàsì, òun náà á gbé tirẹ̀ lé e, àmọ́ òtútù nìkan ni ọwọ́ mi ń bà. Fèrèsé kékeré kan wà láàárín wa. Fèrèsé náà ló ń sọ̀rọ̀. Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kò la ẹnu rárá, ó kàn ń wò mí bí ẹni ń wo ìkòkò tó fẹ́ rà.

Fèrèsé ní, "Ìyá, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ó ṣiṣẹ́ níbí?"

Mo ní n kò mọ iṣẹ́ kankan mọ́, àfi kí n máa kọrin fún àwọn ọmọ-ọmọ mi.

Òǹtẹ̀ tó wà lórí tábìlì gbórí sókè. Ó ní, "Iṣẹ́ ni orin. Ó ní ìwé tirẹ̀. Bí ẹ bá kọrin láìgba ìwé, ẹ ó padà síbi tí ẹ ti wá."

Orin tó wà lọ́fun mi sọ̀ kalẹ̀, ó lọ jókòó sí àyà mi bí adìẹ tó ń sàba.

Fèrèsé tún ní, "Ọkọ yín lẹ wá bá. Kí a tó fún yín ní ìwé ìgbélùú, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún wa. Bí ẹ bá pè é bó ṣe ń jẹ́ ẹ gan-an, ẹ ó kọjá. Bí ẹ kò bá pè é, a ó ti gíláàsì yìí pa, ẹ ò ní fojú kan ara yín mọ́."

Ẹ̀yin obìnrin ilé, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n bi mí. Mo mọ orúkọ ọkọ mi bí mo ṣe mọ iyọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti bu omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Ọ̀tan, n kò pè é rí. Ìyá ọkọ mi ló fà mí létí pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé, ìbáà ṣe ọmọ tí wọ́n bí lánàá.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá Mojírádé ni."

Òǹtẹ̀ lu tábìlì, gbì. Ọkùnrin kan jáde láti abẹ́ àga. Ojú ọkọ mi ló wà lójú rẹ̀, ó pọn ọmọ.

Fèrèsé ní, "Ẹ tún un pè."

Mo ní, "Olówó orí mi." Gbì. Ọkùnrin mìíràn jáde, ojú kan náà, ó ru owó ẹyọ lórí.

Mo ní, "Àkànó." Oríkì rẹ̀ nìyẹn, òun ni mo fi ń jí i láàárọ̀. Gbì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde tòun ti àdá, bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣán oko bàbá mi.

Fèrèsé ní, "Ọkọ mẹ́ta. Òfin ìlú yìí ò gbà ju ẹyọ kan lọ."

Àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ ìjà. Èyí tó pọn ọmọ ní, "Èmi ni mo ni ín. Ọmọ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn mi yìí."

Aládàá ní, "Ìwọ tó ń han-run bí ẹni ń lọ ata? Èmi ni mo ṣán oko."

Ẹlẹ́rù owó ní, "Ta ló sanwó orí ẹ̀? Àdá tí ò lè gé ẹ̀fọ́ lo fi ń halẹ̀."

Ẹ̀rín ì bá pa mí. Àmọ́ mo wo ọkọ mi lẹ́yìn gíláàsì, mo rí i pé ó ti kéré. Bí wọ́n ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan ló ń dín kù. Àpótí mi ti ga jù ú lọ. Ó mí sára gíláàsì títí ó fi ṣú, ó fi ìka kọ nǹkan sí i. Mo mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ ni. Ìwé tí mo kà ò tó nǹkan, O nìkan ni lẹ́tà tó dá mi lójú, kò sì sí O níbẹ̀. Ohun tó kọ ṣàn wálẹ̀ bí omijé.

Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ti di yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Obìnrin tó ń wò mí kò sí lórí àga mọ́. Ìyá ọkọ mi ló jókòó síbẹ̀, ẹni tí a ti sin kí n tó bí àbígbẹ̀yìn mi. Ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá, kò gbójú sókè.

Ó ní, "Ìyàwó, ta lò ń wá?"

"Ọmọ yín ni, ìyá mi."

"Pè é nígbà náà."

"Ẹ̀yin lẹ ní n má pè é."

Ó fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù. "Nílé ni mo ti sọ bẹ́ẹ̀, níbi tí ajá pàápàá ti mọ̀ ọ́n. Ta ló mọ̀ ọ́n níbí?"

Ọkọ mi ti kéré bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Mo la ẹnu, orúkọ náà ò jáde. Ahọ́n mi ò mọ ọ̀nà rẹ̀. Orin nìkan ló mọ ọ̀nà ọ̀fun mi, òǹtẹ̀ sì ti dìde dúró, ó ń ṣọ́ ẹnu mi. Síbẹ̀, mo kọ ọ́:

Ẹ bomi sí mi lẹ́sẹ̀, mo wọlé,
Ẹ má bínú sí mi o, ará ilé,
Ẹni tó gbé mi wá ni mo ń pè,
Lásúnkànmí, wá mú mi relé.

Òǹtẹ̀ fò sókè láti bọ́ lé mi lẹ́nu. Ìyá ọkọ mi fi igbá dé e mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ọkọ rẹ̀ ló ń pè. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́."

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà dákẹ́. Wọ́n wọ inú ara wọn bí igbá tí a tò sínú igbá, ó ku ẹyọ kan. Gíláàsì di omi, ó ṣàn kọjá lórí ẹsẹ̀ mi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní òdìkejì, àpótí mi nìkan ni mo rí nílẹ̀. Fèrèsé ní, "Ẹ kọjá."

Ìyá ọkọ mi se ẹ̀gúsí náà, ó gún iyán sí i. Gbogbo èèyàn tó tò sẹ́yìn mi, tí ẹ̀rù ti ń bà bíi tèmi, gba ìwé ìgbélùú wọn, wọ́n jókòó sórí yẹ̀pẹ̀, wọ́n jẹun. Fèrèsé jẹ. Òǹtẹ̀ yọ́ jáde lábẹ́ igbá, òun náà jẹ, ó ní iyọ̀ ò tó. Wọ́n yó, wọ́n nu ẹnu, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ mi gba inú ògiri lọ tirẹ̀.

Èmi náà yó. Ọkùnrin ẹyọ kan tó kù, tí mo gbà pé ọkọ mi ni, gbé àpótí mi lé orí, ó di ọwọ́ mi mú, a ń lọ sílé. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Ó ń han-run bó ṣe ń rìn. Inú mi dùn débi pé mo tún dá orin náà, ẹnikẹ́ni ò sì dá mi dúró. Nígbà tí mo dé ibi orúkọ, mo pè é kedere, Lásúnkànmí.

Ọkùnrin tó di ọwọ́ mi mú kò dáhùn. Inú àpótí tó wà lórí rẹ̀ ni ohùn ọkọ mi ti jẹ́ mi, ó tín-ín-rín, ó ní òun ń bọ̀.