Ikọ́ Tí Kò Sí Nínú Fíìmù Rùkáyàt

1.

…ni obìnrin náà bá sọ ẹrù iṣu kalẹ̀ lórí àpáta. Ọyẹ́ ń fẹ́ koríko. Ẹnìkan wá húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ikọ́ àgbà. Ikọ́ ẹni tí eruku ọ̀nà Ògbóòró ti jókòó sí láyà.

Ibẹ̀ ni mo ti sunkún.

2.

Ohun tí èmi Ràsáàkì, tí wọ́n ń pè ní Bàbá Misturat, rántí nípa Ṣakí lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti wà nílùú òyìnbó:

àpáta tó ń gbóná títí di ìrọ̀lẹ́

òórùn òrí tí wọ́n ń sè

ìyá mi, tó ń ti Ògbóòró bọ̀ pẹ̀lú iṣu lórí. Dúróríkẹ́ àbúrò rẹ̀ ń dá orin níwájú, òun ń gbè é lẹ́yìn

(N kò rántí orin náà. Ìyá mi ti kú. Ó ku Dúróríkẹ́.)

3.

ÌKÉDE

Fíìmù: ẸRÙ ÒGBÓÒRÓ
Iṣẹ́ ọmọ yín, Rùkáyàt
Gbọ̀ngàn ìlú, Ṣakí. Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.
Ẹ gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ẹ bá pọ̀, a ó ṣe apá kejì. Ìyá wa Dúróríkẹ́ fúnra wọn yóò rin ọ̀nà náà, wọn yóò sì dá orin rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

4.

(Mo fo èyí.)

5.

*Sátidé, aago mẹ́fà. Rùkáyàt, ọmọ àbúrò mi, pè mí láti iwájú gbọ̀ngàn.*

RÙKÁYÀT: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá.

ÈMI: Ọmọ mi! Ṣé gbọ̀ngàn gba èrò?

RÙKÁYÀT: Ènìyàn mẹ́sàn-án ni. Ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ wà nínú wọn.

ÈMI: Mẹ́sàn-án? Ní Ṣakí?

RÙKÁYÀT: Wọ́n ń kọjá lọ, wọ́n tún ń kí mi. "Rùká, fíìmù ẹ dùn o!" Mo ní níbo lẹ ti wò ó? Wọ́n ní orí fóònù.

ÈMI: Àwọn olè! Má dá wọn lóhùn. Iṣẹ́ rẹ dáa. Ibi tí ìyá yẹn ti sọ ẹrù kalẹ̀, tí o wá jẹ́ kí ẹnìkan húkọ́… ọgbọ́n ńlá nìyẹn.

RÙKÁYÀT: Ikọ́ wo?

ÈMI: Ikọ́ orí àpáta.

(Mo gbọ́ ariwo ọ̀kadà.)

RÙKÁYÀT: Kò sí ikọ́ nínú fíìmù mi, Bàbá.

6.

Ẹni tó fi fóònù jí fíìmù náà ká nínú sinimá n'Ìbàdàn jókòó ti ẹnìkan tó ń húkọ́.

7.

*Wásáàpù ẹbí wa, ọjọ́ Àìkú.*

RÙKÁYÀT: Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ ti jí iṣẹ́ mi.

ṢÙKÚRÙ MẸKÁNÍÌKÌ: Jí kẹ̀? Mo ra dátà o. Àbí ọ̀fẹ́ ni dátà?

ÀDÌJÁTÙ: Ṣé Rùkáyàt ló ń ta dátà ni? Tó o bá wọkọ̀ lọ sọ́jà, ṣé owó ọkọ̀ lo fi san owó ata?

ṢÙKÚRÙ MẸKÁNÍÌKÌ: Àǹtí Àdìjátù, ẹ̀yin náà wò ó. Ẹ tiẹ̀ ní ẹ sunkún.

ÀDÌJÁTÙ: Mo sunkún. Mi ò ní mi ò wò ó.

ṢÙKÚRÙ MẸKÁNÍÌKÌ: Àti pé àgbà ló fi ránṣẹ́ sí wa. Kí àgbà nawọ́ nǹkan síni, ká ní a ò gbà?

*Rùkáyàt ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí.*

4, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Èmi ni.

Ọjọ́ Ẹtì ni, Sátidé ku ọ̀la. Ọ̀rẹ́ kan fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí mi. Mo wò ó tán láìdìde. Mo sì fi í sínú Wásáàpù ẹbí wa, sáàárín igba ènìyàn ó lé méjìlá. Ohun tí mo kọ rèé:

ẸBÍ, Ẹ WÁ WO IṢẸ́ ỌMỌ WA! Ó DÀ BÍ ẸNI PÉ ÌYÁ MI JÍ DÌDE! Ẹ FI RÁNṢẸ́ SÍ GBOGBO ỌMỌ ÒKÈ-ÒGÙN, ṢẸ̀PẸ̀TẸ̀RÍ TÍTÍ DÉ ÌJÌÓ! 🙏🙏🙏

Mo ti ka ìkéde Rùkáyàt kí n tó ṣe é. Ayọ̀ ló sáré jù mí lọ.

8.

Mo pa á rẹ́. Ó ti dé Ìjìó.

Mo kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má wò ó mọ́. Àwọn tí kò tíì wò ó béèrè pé, "Èwo nìyẹn? Ẹ fi ránṣẹ́."

Àdìjátù lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Ajé. Gbọ̀ngàn ti wà ní títì.

Mo pe Rùkáyàt lẹ́ẹ̀meje. Kò gbé e.

Àdìjátù ló fi lẹ́tà tí àwọn onísinimá kọ sí Rùkáyàt hàn mí. Ìlà kan péré ni mo lè kà tán:

*Níwọ̀n ìgbà tí ìlú rẹ pàápàá kò wá, a kò ní lè bá ọ ṣe apá kejì.*

9.

Mo sanwó lánàá lórí ayélujára, níbi tí Rùkáyàt ti ń ta ojúlówó rẹ̀. Mo wò ó.

Obìnrin náà sọ ẹrù kalẹ̀. Nínú èyí tí mo kọ́kọ́ wò, orí ẹnìkan ló bo ojú rẹ̀. Ojú náà wá hàn wàyí. Ó ń wo iwájú ọ̀nà. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gbe orin.

Kò sí ẹni tó dá a.

Ọyẹ́ nìkan.

Àyè Dúróríkẹ́ ni. Rùkáyàt fi í sílẹ̀ dè wọ́n. Èmi ti gbọ́ ikọ́ níbẹ̀, mo pè é ní ọgbọ́n.

10.

ṢÙKÚRÙ MẸKÁNÍÌKÌ: Bàbá Misturat, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ dákun, ẹ bá wa fi apá kejì ránṣẹ́.

👍 46

11.

*Ohùn Dúróríkẹ́. Àdìjátù ló gbà á sílẹ̀ fún mi.*

"Ràsáàkì. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọmọ yẹn ní òun ń bọ̀ wá gbé mi lọ sójú ọ̀nà. Mo ti ká òṣùká mi, ó wà lórí àpótí. Mo bi àwọn ará ilé. Ìwọ ni wọ́n ní kí n bi.

Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

12.

[ Àyè ìdáhùn mi fún Dúróríkẹ́. Òfìfo ni. ]